Apá Irin Ẹ̀yìn Jíìpù Ádámù

Bí ẹ bá fẹ́ kí àbúrò mi Ádámù pẹ́ níbì kan, ẹ gbé nǹkan méjì síwájú rẹ̀, kí ẹ ní kó mú ọ̀kan. Ẹ lọ sóko kí ẹ tún dé, ẹ ó bá a níbẹ̀. Àtikékeré ló ti wà bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá bu ẹran fún wa lọ́jọ́ Iléyá, ọwọ́ Ádámù ló máa ń gbẹ̀yìn dé inú abọ́, torí ó ń wo èyí tó tóbi, ó tún ń wo èyí tí kò léegun, títí àwa tó kù á fi jẹ ẹ́ tán. Ìyá wa á rẹ́rìn-ín, wọ́n á yọ nínú tiwọn fún un. Èmi Wàlíyátù kì í rẹ́rìn-ín ní tèmi. Èmi ni àkọ́bí, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí sì ti ń bí mi nínú kí n tó mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ́ ìbínú.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bí àkọ́bí wọn ní Àbíjàn, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé, wọ́n ti so àgbò mọ́lẹ̀, Lèmọ́mù ti jókòó, Ádámù ṣì ń ronú lórí orúkọ. Èmi ni mo pariwo "Qàwíyyàt!" láti inú fóònù ní Èjìgbò níbí kí wọ́n tó rí àgbò pa. Ọmọ náà ti délé ọkọ báyìí. Bí kì í bá ṣe tèmi ni, bóyá "Ìwọ" là bá ṣì máa pè é dòní.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má pe àbúrò mi ní ọ̀lẹ lójú mi o. A ó jà ni. Ọdún gbọọrọ ló fi wa ọkọ̀ akẹ́rù láàárín Àbíjàn àti Bùwáké, kò gbá èèyàn, kò gbá ewúrẹ́. "Dúsúmáà" làwọn ará Èjìgbò tó wà lọ́hùn-ún ń pè é, torí ọ̀rọ̀ Faransé tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn: ẹ rọra, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́. Àwọn tó ní ẹrù máa ń dúró de ọkọ̀ tirẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé bó ti wù kó pẹ́ tó, ohun tí wọ́n bá kó fún Ádámù á dé láìfọ́.

Nígbà tó fẹ́ padà wálé, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ ní àwọn ò kúrò ní Àbíjàn. Òun nìkan ló dé, òun àti jíìpù kan. Jíìpù gíga, àgbà ọkọ̀, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ilẹ̀kùn yàrá, tí wọ́n sì gbé táyà sípéà kọ́ sára ilẹ̀kùn náà. Ilé bàbá wa ló ń gbé pẹ̀lú èmi àti Ìyá wa. Èmi ń ta sìmẹ́ǹtì níwájú ilé, òun ń fi jíìpù kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ láti àwọn oko tí mọ́tò mìíràn kò lè dé nígbà òjò. Nítorí ẹrẹ̀, ó pààrọ̀ táyà rẹ̀ sí èyí tó tóbi gan-an. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Sípéà náà ní láti tóbi bíi tàwọn yòókù, ó wá wúwo ju ohun tí ilẹ̀kùn lè gbé lọ. Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó ń ti Isundunrin bọ̀, híńjì òkè já, ilẹ̀kùn ń fì, Ádámù sì fi okùn dì í wálé. Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jíìpù kò ṣeé ṣí mọ́.

À bá má kà á sí, ṣùgbọ́n Ìyá wa ti ṣubú ní balùwẹ̀ lóṣù tó ṣáájú. Orúnkún wọn ọ̀tún gan, kò ká mọ́. Ẹsẹ̀ náà máa ń nà síwájú bí igi ni, ìjókòó ni o, oorun ni o. Takisí kò gbà wọ́n. Ọ̀kadà, ẹ má dá a lábàá. Iwájú jíìpù náà kò gba ẹsẹ̀ yẹn. Ibi kan ṣoṣo tó lè gbà wọ́n ni ẹ̀yìn jíìpù Ádámù, tí a bá yọ ìjókòó ibẹ̀ kúrò, tí a tẹ́ fóòmù sí i, tí a sì gbé wọn gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé. Kódà ìyẹn gan-an, Ìyá ti kìlọ̀.

"Ẹ má tẹ́ mi gbalaja síbẹ̀ o," ni wọ́n wí. "Òkú ni wọ́n ń tẹ́ sẹ́yìn mọ́tò. Ẹ jẹ́ n jókòó, kí ayé rí i pé mo ṣì ń mí."

Ibi tí Ìyá fẹ́ lọ kò jìnnà. Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n wọn kan ṣoṣo wà, ọmọ ìyá kan náà, Ìyá Ayọ̀níkẹ́. Mùsùlùmí ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n Ìyá Ayọ̀níkẹ́ fẹ́ àgbẹ̀ kan tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì bá ọkọ wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá wa bínú nígbà náà, ìbínú náà sì pẹ́ díẹ̀, kó tó di pé wọ́n jókòó sọ ọ́ yanjú. Láti ìgbà náà, ẹran Iléyá wa ń lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ìrẹsì Kérésì wọn ń bọ̀ ní Èjìgbò. Tí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọn kì í pe ẹnikẹ́ni sí ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n á wọ yàrá lọ, ẹ ó kàn máa gbọ́ ẹ̀rín.

Adéwọ̀yìn, àbíkẹ́yìn Ìyá Ayọ̀níkẹ́ tó ń dáko lọ́hùn-ún, ló pe Ádámù lórí fóònù. Nọ́ńbà Ádámù nìkan ló ní. Ádámù ní kó sọ̀rọ̀ sókè kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Bọ̀dá Ádámù, ara màmá ò yá o. Dọ́kítà ti wò wọ́n, ó ní ọjọ́ ogbó ni. Orúkọ Ìyá Èjìgbò ni wọ́n ń pè. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí àbúrò àwọn."

Kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀, Ìyá wa ti ní kí n bá àwọn di aṣọ sínú báàgì.

Mo sọ fún Ádámù lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Yọ sípéà yẹn, jù ú sí yàrá. Jẹ́ kí Ògúndìran wẹ́dà fi iná lẹ híńjì yẹn mọ́ra, ká gbé Ìyá lọ lọ́la."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó gbé Ìyá lọ láìsí ẹ́ńjìnnì. "Láìsí sípéà? Ní ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn? Nínú òjò yìí? Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá wa lẹ ń sọ yẹn o."

"Mo mọ̀ pé Ìyá wa ni! Ta ló bí mi?"

Ó wá sọ ọ̀rọ̀ Mùhámmẹ́dù fún mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń wakọ̀ ní Àbíjàn. Mùhámmẹ́dù yọ sípéà sílé lọ́jọ́ kan nítorí àtiráyè kó ẹrù. Táyà fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú igbó, ó bọ́ sójú títì, ó ń ju ọwọ́ sáwọn ọlọ́kọ̀ kí wọ́n ràn án lọ́wọ́, tírélà kan sì gbá a. Ádámù wà lára àwọn tó wẹ òkú rẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ débẹ̀, kò wojú mi mọ́. Mo fi ọ̀rọ̀ yíyọ sípéà sílẹ̀.

Ó ti ro gbogbo ibi tí sípéà lè wà. Tó bá gbé e sínú mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá, inú kòtò àkọ́kọ́ ló máa wó lu ẹsẹ̀ wọn. Tó bá gbé e sórí, òun nìkan ò lè gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà. Abẹ́ ńkọ́? Àwọn ebè àárín ọ̀nà oko yẹn á fà á já. Ògúndìran, wẹ́dà tó wà ní òpópónà kejì sí wa, ló wá mú ìmọ̀ràn wá.

"Apá irin ni ká ṣe," ni Ògúndìran wí. "Kó dúró lórí bọ́ńpà, kí sípéà wà lórí rẹ̀, kó má kan ilẹ̀kùn rárá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn, ẹ ó kọ́kọ́ yí apá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti ilẹ̀kùn tán, ẹ yí i padà."

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta lẹ sọ fún? Ẹ sọ fún Ádámù!

Ó kọ́kọ́ ní òun ò fẹ́ èyí tí wọ́n rọ nílé, òun fẹ́ tòkunbọ̀ tí àwọn òyìnbó ti ṣe. Wọ́n ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí i láti Èkó, ó ń fi han gbogbo èèyàn. Ó fi hàn mí. Ó fi han àwọn oníbàárà mi tó wá ra sìmẹ́ǹtì. Asitafurulai, ó fi han Lèmọ́mù lẹ́yìn ìrun Alásàrí, ọkùnrin náà sì ń mi orí bí ẹni tó mọ nǹkan tó ń wò. Níkẹyìn ó mú ọ̀kan, wọ́n fi ránṣẹ́ sí i ní gáréèjì, Ògúndìran lẹ híńjì ilẹ̀kùn padà, ó sì fi bóòtù de apá náà.

Iwájú ilé wa dagẹ̀rẹ̀ sí ojú gọ́tà. Ádámù ní kí n wá dúró síbi tí Ìyá máa dúró sí tí a bá fẹ́ gbé wọn wọlé. Mo dúró. Ó yí apá irin sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yíjú láti ṣílẹ̀kùn, irin sì dá ara rẹ̀ padà, òun àti táyà gbàǹgbà yẹn, ó fọ́ mi ní ìdí! Orí àpò sìmẹ́ǹtì ni mo bá ara mi. Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo bú apá náà, mo bú ẹni tó ṣe é, mo bú ọkọ̀ tó gbé e wá láti Èkó. Ádámù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ká ní ẹsẹ̀ Ìyá ni," ló wí. "Kò ní ohun tó ń dá a dúró tó bá ṣí. Kò dára."

Ó yọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ló sọ, mi ò lè jiyàn, ìdí mi ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n Ifẹ̀-Ọ̀dàn ń dúró.

Wọ́n wá gbà pé kí Ògúndìran ṣe tuntun. Ẹ gbà mí! Níbo ni kó ti máa ṣí, ọ̀tún ni àbí òsì? Tó bá ṣí sósì, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè gbá a lójú títì. Tó bá ṣí sọ́tùn-ún, igbó lè há a ní ọ̀nà oko. Ojú ọ̀tún ni ilẹ̀kùn ń ṣí sí, kí apá náà ṣí sọ́tùn-ún nìyẹn. Ó dáa. Kí ni yóò máa yí lé lórí? Ògúndìran wá họ́ọ̀bù táyà ọkọ̀ àlòkù kan rí, èyí tó ní bẹ́rìn nínú, kó lè máa yí wẹ́rẹ́. Ádámù ní họ́ọ̀bù yẹn ti jẹra díẹ̀, kó wá òmíràn. Ó wá òmíràn. Ádámù tún ní bọ́ńpà jíìpù náà, páànù lásán ni, kí wọ́n so apá náà mọ́ ṣásì, irin tó gbé gbogbo mọ́tò ró, nísàlẹ̀. Ògúndìran tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ọkùnrin yẹn ní sùúrù, Ọlọ́run ló fún un. Èmi ni, mà bá ti fi iná wẹ́dà lé Ádámù kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Adéwọ̀yìn tún pè. Ó ní màmá ò jẹun mọ́, ẹ̀kọ mímu lásán ni, wọ́n sì ń béèrè bóyá mọ́tò Èjìgbò ti dé.

Ìyá wa kì í bú ọmọ wọn ọkùnrin. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á na ẹsẹ̀ sórí àpótí, báàgì wọn á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á máa wo ojú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Ògúndìran. Lọ́jọ́ kan tí Ádámù wá jẹun ọ̀sán, wọ́n pè é.

"Ádámù, irin yẹn ńkọ́?"

"Ó kù díẹ̀, Ìyá."

"Ẹ̀gbọ́n mi náà kù díẹ̀."

Kò lè jẹ oúnjẹ náà tán. Mo rí i tó bo abọ́, tó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi sí i, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Irin parí. Wọ́n kùn ún ní dúdú. Ádámù ní òun fẹ́ fi gbogbo ọ̀nà dé Isundunrin dán an wò kí òun tó gbé Ìyá sẹ́yìn rẹ̀. Ó lọ, ó dé. Kí ló tún dé? Ó ní ó ń dún gbá-gbá-gbá nínú kòtò.

"Ṣé ìró ló máa pa èèyàn ni?" Mo ti ń pariwo. "Ádámù, jẹ́ kó dún! Kó dún dé ìsàlẹ̀ Ifẹ̀-Ọ̀dàn, kí wọ́n gbọ́ pé à ń bọ̀!"

"Tó bá ń mì báyìí, ibi tí wọ́n lẹ̀ máa já, sípéà á sì já lé ẹlẹ́yìn lórí. Dúsúmáà, Ẹ̀gbọ́n mi. Rọ́bà ló kù ká fi sáàárín rẹ̀, àti ìkọ́ tó máa dì í mú dáadáa. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ la ó lọ. Mo ti sọ ọ́."

Àárọ̀ ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tó ṣáájú Jímọ̀ yẹn, fóònù dún kí Ádámù tó jáde. Adéwọ̀yìn ni.

"Bọ̀dá, màmá ti lọ. Ìdájí yìí ni. Ẹ máa bọ̀ o, ẹ tètè..." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé e.

Inná lilláhi wa inná iláìhì rọ́jíhúnà. Mo ké. Ìyá wa kò ké. Wọ́n di òpó mú, wọ́n ń gbìyànjú àtidìde lórí ẹsẹ̀ kan.

"Ẹ gbé mi lọ," ni wọ́n wí. "N ò rí i láàyè. Ẹ jẹ́ n rí ojú rẹ̀."

Jíìpù wà ní ṣọ́ọ̀bù, apá irin wà nílẹ̀ lọ́tọ̀, ìkọ́ kò tíì sí lára rẹ̀. Ádámù kúnlẹ̀ síwájú Ìyá, ó di ọwọ́ wọn méjèèjì mú.

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n. Wọn kì í sìnkú lóòjọ́ bíi tiwa. Wọ́n á gbé wọn lọ sí mọ́ṣúárì, wọ́n á dúró de àwọn ọmọ tó wà ní Èkó àti Àbíjàn, wọ́n á tẹ ìwé ìsìnkú. Ṣé ẹ rántí ti ọkọ wọn? Ó lé lóṣù kan ká tó sin ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí irin yìí lónìí, n ó gbé yín lọ láàárọ̀ ọ̀la, ẹ ó rí ojú wọn."

Ta ló fẹ́ jiyàn sí ìyẹn lágbègbè wa? Èmi náà mi orí sí i. Àwọn ará ilé tó wá bá wa kẹ́dùn mi orí. Kò sí ẹni tí kò mọ bí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń sìnkú.

Ìyá wo ojú rẹ̀ dáadáa. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Ìyá."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Ádámù, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ kó sọ pé nǹkan dá òun lójú.

Ó dúró lé Ògúndìran lórí látàárọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, iná wẹ́dà ń tàn yòò, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Nírọ̀lẹ́ ló wa jíìpù dé. Kí n má parọ́, iṣẹ́ yẹn dára. Ìka kan lẹ fi ń ti apá náà, á yí wẹ́rẹ́. Tó bá ṣí dé òpin, pín-ìn kan á bọ́ sí ihò rẹ̀, kó! Mo fi gbogbo ara tì í, kò mì. Ádámù yọ fóònù, ó ní Adéwọ̀yìn ti pe òun láìmọye ìgbà nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń dún. Ó pè é padà, kò wọlé.

"Ètò ìsìnkú ló máa fẹ́ bá mi sọ," ló wí. "A ó gbọ́ ọ lọ́la."

Nígbà tó di àárọ̀ Jímọ̀, ó gbé Ìyá lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ìyá di apá irin mú, apá kò yẹ̀. Ó sún wọn sórí fóòmù, wọ́n jókòó ṣánṣán, mo wọlé tì wọ́n. Ó ti ilẹ̀kùn, ó yí apá padà, ìkọ́ dì í mú. A wọ inú ẹrẹ̀, a jáde, a bọ́ sínú kòtò, a gòkè. Irin náà kò dún rárá.

"Ẹ gbọ́?" ni Ádámù ké láti iwájú. "Kò dún!"

Ìyá ń mi ẹnu wúyẹ́wúyẹ́, àdúrà ni.

Nígbà tá a dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, mo ń retí àtíbàbà àti ariwo àwọn èèyàn. Kò sí àtíbàbà. Wọ́n ti to àwọn àga oníke léra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ̀yìn ni Ìyá kọjú sí, sípéà sì bo fèrèsé ibẹ̀, wọn ò lè ríta. Ádámù fi ẹ̀yìn wọ inú àgbàlá kí Ìyá lè sọ̀ sítòsí ẹnu ọ̀nà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó yí apá, pín-ìn wọlé, ó ṣílẹ̀kùn. Níwájú wa gan-an ni sàréè ọkọ Ìyá Ayọ̀níkẹ́ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni òkìtì yẹ̀pẹ̀ pupa tuntun.

Ìyá rí i. Mo gbọ́ èémí wọn.

Adéwọ̀yìn jáde, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ pẹ́ o," ló wí. "Ìyá mi, ẹ pẹ́."

"Ta ló sin wọ́n?" ni Ádámù bi í. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń gbé òkú sí mọ́ṣúárì ni?"

"Màmá ló ní kí a má gbé àwọn lọ." Adéwọ̀yìn jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. "Láti ìgbà tí àìsàn ti dé ni wọ́n ti ń sọ ọ́, pásítọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ní, 'Ẹ sin mí lọ́jọ́ tí mo bá kú, bí wọ́n ṣe sin ìyá wa. Sàrátù ò lè fi ẹsẹ̀ yẹn máa lọ máa bọ̀ nítorí mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kó wá, kó rí mi, kí wọ́n gbé mi sin lójú rẹ̀, kó máa lọ sinmi.' Lánàá, a tẹ́ wọn sí pálọ̀, a ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Gbogbo ìró mọ́tò tá a bá gbọ́, a ní ẹ̀yin nìyẹn. Mo pè títí, mo tún gun ọ̀kadà lọ wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, mo pè títí bátìrì mi fi kú. Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, àwọn àgbà ní a ò lè dúró mọ́."

Sàrátù ni orúkọ Ìyá wa. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́ àfi ẹ̀gbọ́n wọn.

Ádámù jókòó sílẹ̀ nídìí táyà, ó kó ọwọ́ lérí. Mo la ẹnu láti bú u. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, gbogbo èébú tí mo mọ̀ wà lẹ́nu mi, ọ̀kan kò jáde. Àbúrò mi ni. Mo ń sunkún fún Ìyá, mo sì ń sunkún fún un.

Adéwọ̀yìn àti èmi la gbé Ìyá dé ìdí yẹ̀pẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ wọn kò jẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n gbára lé èjìká mi, wọ́n na ọwọ́ sílẹ̀, ọwọ́ ò tó ilẹ̀. Mo bu yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sí wọn lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni wọ́n wí, "mo dé o. Ẹ má bínú."

A ò pẹ́ níbẹ̀. Ojú ọjọ́ ti ṣú. A kúrò ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, a ti wọ àárín igbó níbi tí kò sí ilé, tí kò sí ọlọ́kadà kankan, nígbà tí táyà ẹ̀yìn kan dún gbòlà. Ádámù dúró. Ó sọ̀, ó wò ó: òkúta ti la táyà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ṣeé lẹ̀. Ó yí apá irin, ó tú sípéà, ó ṣílẹ̀kùn fún Ìyá kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn. Ó fi jáàkì gbé mọ́tò sókè, ó yọ ti tẹ́lẹ̀, ó ki sípéà bọ̀ ọ́, ó so nọ́ọ̀tì rẹ̀. Kò ronú lórí ìkankan. Mi ò rí i kó yá báyẹn rí.

Nígbà tó tán, ó wá síbi ilẹ̀kùn. Ẹrẹ̀ bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Kì í ṣe pé ó ń fọ́nnu. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀, mo mọ ohùn rẹ̀.

"Ìyá, ẹ wò ó," ló wí. "Ká ní a ò gbé sípéà, ká ní mo gbọ́ ti Ẹ̀gbọ́n Wàlíyátù, ojú ọ̀nà yìí là bá sùn lónìí."

Ìyá wa wo táyà náà. Wọ́n wo apá irin dúdú náà. Wọ́n wá wo ọmọ wọn.

"Òótọ́ ni, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Ojú ọ̀nà là bá sùn. Ṣùgbọ́n à bá ti rí ẹ̀gbọ́n mi ká tó sùn síbẹ̀."